Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: BÍ Ẹ̀DỌ̀ BÁ Ń ṢÀÌSÀN, Ẹ MÁ GBÀGBÉ ỌKÀN

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ èlé tàbí ìwé ìpàdé. Ó jẹ mọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀ àti ohun tí ó ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé owó ẹgbẹ́ ni ó gbé wa dé ìdí rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. A rí orúkọ káfíńtà kan tí ó ti ń san owó ìfipamọ́ rẹ̀ fún ọdún 9 láìfi oṣù kan jẹ. Lójijì, owó dúró. Kò san ẹ̀yáwó mọ́, kò sì wá sí ìpàdé mọ́. A bi akọ̀wé, ó ní, "Ọ̀gá, ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é." Àwa náà kò wádìí. A fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé pé kò fẹ́ san gbèsè, a sì ní kí wọ́n mú onídùúró rẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn. A ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Bàbá onídùúró ni ó là wá lójú. Ó ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò ní ọsibítù, wọ́n sì bá àrùn mẹ́dọ̀wú irú B níbẹ̀. Ẹnìkan gbọ́, ó sọ ọ́ sétí ẹnìkejì. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ya ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó bú u. Ife nìkan ni wọ́n yà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jókòó sínú yàrá, tí ayùn rẹ̀ ń dípẹtà lára ògiri. Ìsoríkọ́ ni ó ń bá a jà.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?

Mẹ́dọ̀wú ni àrùn tí ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó sábà máa ń fà á. Irú B àti irú C lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ni irú B wà lára wọn, àti mílíọ̀nù 50 tí wọ́n ní irú C. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 10 tí ẹrù náà wúwo sí jù.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ràn ni ẹ̀jẹ̀, abẹ́ tàbí abẹ́rẹ́ tí ènìyàn méjì jọ lò, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Irú B àti irú C kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀, bíbọwọ́, tàbí mímu omi nínú ife kan náà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí irú B bá ran ọmọ ìkókó 10, bí 9 nínú wọn ni kòkòrò náà yóò máa bá gbé. Bí ó bá ran àgbàlagbà, ara èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a máa lé e jáde. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí a rí i lára wọn lónìí, láti kékeré ni wọ́n ti ní in. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó kó àrùn kí ó tó mọ ìrìn?

OHUN TÍ Ó Ń FA ÌSORÍKỌ́

Èkíní ni ẹ̀rù: aláìsàn a máa ka ọjọ́ ikú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Èkejì ni ìtìjú àti ìyàsọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni àárẹ̀: iṣẹ́ ń dínkù, owó àyẹ̀wò sì ń jáde. Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́ interferon, tí wọ́n fi tọ́jú irú C fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ń lò fún àwọn kan tí ó ní irú B. Òun fúnra rẹ̀ lè fa ìsoríkọ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè nípa ọkàn aláìsàn kí ó tó gún un.

Ẹni tí ó soríkọ́ lè gbàgbé oògùn rẹ̀, ó sì lè fi ọtí pa ìrònú rẹ́. Ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Báyìí ni àìsàn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́.

ÀMÌ RẸ̀

Bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tí ó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kí ó lọ rí dókítà. Bí ó bá ń sọ pé ikú sàn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan; ẹ mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí alárùn ẹ̀dọ̀ bá sì ń sùn ní ọ̀sán, tí kò sùn ní òru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ sáré.

ÌTỌ́JÚ WÀ

Oògùn oníhóró òde òní ń wo irú C sàn láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 fún ènìyàn tí ó ju 95 lọ nínú 100. Ti irú B, oògùn bíi tenofovir lójoojúmọ́ ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ fún ẹni tí dókítà bá ní kí ó lò ó. Ìsoríkọ́ náà ní ìtọ́jú: ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, àti oògùn. Ẹ má rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, nítorí dókítà gbọ́dọ̀ yan èyí tí ẹ̀dọ̀ lè gbà. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo pẹ̀lú; òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn ọkàn fi ń gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, bí ó ti ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ènìyàn wà lára oògùn.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

(1) Bí ẹni tí ń san owó déédéé bá dákẹ́ fún oṣù 2, kí ènìyàn méjì kọ́kọ́ lọ kí i, kí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.
(2) Kí ìgbìmọ̀ pa àṣírí àìsàn mọ́ bí wọ́n ti ń pa kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mọ́.
(3) Bí òfin ẹgbẹ́ bá gbà, kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú.
(4) Kí àwọn ará ilé aláìsàn lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí kò ní irú B lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Alága àti onídùúró lọ bá káfíńtà náà nílé. Ní ọjọ́ kìíní, kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún lọ. Ní ìgbà kẹta, ó jáde, wọ́n sì bá a lọ sí ọsibítù. Oṣù 7 kọjá kí ó tó padà sí ìpàdé. Alága bu omi sínú ife tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ó mu ún lójú gbogbo wọn, ó sì dá ife náà padà sáàárín ìyókù. Àwọn kan ṣì ń jókòó jìnnà sí i. Gbèsè rẹ̀ kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ń san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé a kì í pa ohun tí a ti kọ sínú ìwé owó rẹ́. Yíǹkì pupa wa ṣì wà níbẹ̀. A kọ àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀ pé ara rẹ̀ ni kò yá, a sì fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó ti dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa, tí a kò tíì lọ kí?
2. Àwọn ọ̀nà wo ni mẹ́dọ̀wú irú B kì í gbà ràn?
3. Kí ni òfin ẹgbẹ́ wa sọ nípa ọmọ ẹgbẹ́ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó san gbèsè?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.