Orí Keje: Omi Tó Ń Jẹ Ilẹ̀ Dánfó

Bí ẹ bá wọ dánfó láti Ìkòtún lọ sí Ìyànà-Ìpájà nígbà òjò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ojú títì láàárín ẹsẹ̀ yín. Ihò kan wà nílẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ti gé pákó pẹlẹbẹ lé e, àmọ́ kò bò ó tán, kọ́ńdọ́ sì ń kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n má tẹ ibẹ̀. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ á ní ọkọ̀ ti gbó ni. Lóòótọ́ ó ti gbó, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ló jẹ irin náà. Omi ni. Kì í sì í ṣe omi tó fọ́n sókè nígbà tí táyà kó sínú kòtò, nítorí ìyẹn á ṣàn lọ. Omi tó wọlé tí kò rọ́nà jáde ni, èyí tó sápamọ́ sábẹ́ rọ́bà, tó ń ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo òru tí awakọ̀ fi sùn.

Kí ló wà nílẹ̀ dánfó? Ọ̀pọ̀ nínú dánfó tó ń ná Ìgàndó àti Ẹgbẹ́dá jẹ́ Volkswagen LT tàbí irú rẹ̀, tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọkọ̀ èrò níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n, wọn ò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn wẹ́dà wa ló gé ara wọn láti ṣe fèrèsé, tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ìjókòó onírin mọ́ ilẹ̀ wọn, kí wọ́n tó kùn wọ́n ní yẹ́lò tí wọ́n sì fa ilà dúdú sí wọn lára. Nísàlẹ̀ pátápátá, páànù irin ló wà. Wọ́n á tẹ́ plywood lé e, wọ́n á wá tẹ́ rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì lé plywood. Èyí tó wà lókè yẹn nìkan la máa ń rí. Òun nìkan náà la sì máa ń gbá.

Ọ̀pọ̀ irin wọ̀nyí ti kó àìsàn wá láti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà òtútù ní Jámánì àti Holland, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á máa ta sábẹ́ ọkọ̀ ní ọdọọdún. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ máa ń gba Kútọnu wọ ilẹ̀ wa, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní January 2017. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà wọlé, iyọ̀ abẹ́ wọn ò já bọ́ lójú ọ̀nà.

Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń pàdé kí ìpẹtà tó wáyé. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, kò ní sí ìpẹtà. A ò lè mú irin kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, a ò sì lè lé afẹ́fẹ́ lọ. Omi nìkan ni agbára wa ká. Iyọ̀ ní tirẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ náà yá. Ìpẹtà tún máa ń gba ààyè ju irin tó ti jáde lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà. Ìdí nìyí tí ọ̀dà fi máa ń wú lára páànù kó tó ṣí, tí páànù méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ sì fi máa ń ya ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ya náà ni omi tuntun á gbà wọlé.

Ìwà plywood yàtọ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ìlà ọ̀kan wà ní òró, ti ìkejì wà ní ìbú, kó lè lágbára. Ojú rẹ̀ kì í tètè mu omi. Etí rẹ̀, níbi tí ayùn gbà kọjá, ló ń mu ún. Nígbà tí omi bá ti wọ etí, pákó á wú, gọ́ọ̀mù á tú. Bó bá wá pẹ́ nínú omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ohun tó ń mú pákó rà jẹ́ ìbátan olú inú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í rí i níbẹ̀rẹ̀. Kò lè gbé inú pákó gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí omi inú pákó bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n pákó náà lọ, tó sì ń bẹ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ti rí ilé. Ohun tó burú jù lọ ni pé plywood tó tutù kì í dá bàjẹ́. Ó ń gbé omi lé irin lórí. Òjò á ti dá, oòrùn á ti ràn, èrò á ti wọlé, wọ́n á ti jáde, irin abẹ́ rẹ̀ á ṣì wà nínú omi.

Àwọn olówó náà ń rí èyí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ ilé: bẹ́ẹ̀dì wà nínú wọn, ibi ìdáná wà, ilé ìwẹ̀ náà wà. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ní yàrá tó ń yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí dúrọ́ọ̀ tábìlì nígbà tí wọ́n bá páàkì. Rọ́bà ló yí etí yàrá náà ká kí òjò má baà wọlé. Tí rọ́bà yẹn bá gbó, omi á yọ́ wọ etí pákó ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì á bò ó mọ́lẹ̀, olówó ọkọ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi rì. Omi ò bi í pé èló ló rà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún àti Ìgàndó wà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí wọ́n ka èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìkòtún tàbí Ìgàndó, nítorí náà dánfó, kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ọ̀kadà ló ń gbé wa. Nígbà òjò, èrò kọ̀ọ̀kan ń fi bàtà àti agboòrùn gbé omi tirẹ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ bá gbé èrò láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹ ro iye omi tó máa wà nílẹ̀ rẹ̀.

Omi tún ń gba etí fèrèsé tí wọ́n gé wọlé, pàápàá níbi tí rọ́bà ti le tó sì ti là. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, níbi tí àgbàrá ti máa ń dúró, ó ń gba abẹ́ wọlé. Àwọn tó ń ra ẹja inú yìnyín lọ́jà Ìkòtún náà ń gbé tiwọn dé: yìnyín á yọ́ nínú àpò, omi ẹja á ṣàn sábẹ́ ìjókòó. Iyọ̀ lè wà nínú omi yẹn, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Ti káwọ́ṣì ló ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Àwọn ọmọdékùnrin á gbé garawa, wọ́n á da omi sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ lè mọ́, inú ọ̀gá wọn á sì dùn. Rọ́bà á máa dán lókè. Adágún omi ni wọ́n ṣe sísàlẹ̀.

Ìjàm̀bá ibẹ̀ ju kí bàtà èrò tutù lọ. Ẹsẹ̀ ìjókòó tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì mọ́ páànù tó ti jẹ lè fà yọ bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì. Bí sálẹ́ńsà bá tún ń jò lábẹ́ ihò náà, èéfín á wọlé. Nínú èéfín yẹn, gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo èrò nínú ọkọ̀ kan náà, ẹ ṣí fèrèsé, kí awakọ̀ dúró.

Bí ẹ bá ni ọkọ̀, ẹ ká rọ́bà sókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní April, kí ẹ tún ká a nígbà tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní August. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ yíká ẹnu ọ̀nà, yíká ẹsẹ̀ ìjókòó, àti lórí táyà ẹ̀yìn. Pákó tó dára máa ń le. Èyí tó ti rà á rì. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi èèkù sukurudiráfà kan páànù. Páànù gidi á dún ketekete. Èyí tó ti jẹ kò ní dún bẹ́ẹ̀, ẹ̀tù pupa á sì máa já bọ́. Láti mọ ibi tí omi ń gbà, kí ẹnì kan máa da omi sára ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí fèrèsé ìsàlẹ̀, kí ẹ máa gòkè lọ. Tí ẹ bá kọ́kọ́ da omi sókè, ẹ ò ní mọ èwo ló ń jò.

Ibi àtúnṣe ni ìjà máa ń wà. Panel beater á wo ihò náà, á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Fíbà àti fílà la máa fi dí i, ẹ ò ní mọ ibẹ̀ mọ́."

Olówó ọkọ̀ tó gbọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi gé e títí ẹ fi máa kan irin tó funfun. Màá dúró."

Ọ̀rọ̀ màmá yìí tọ̀nà. Fílà kò pa ìpẹtà, ó kàn bò ó lójú ni. Kí wọ́n gé gbogbo ibi tó ti jẹ, kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì páànù tuntun sí i, kí wọ́n kun òkè àti ìsàlẹ̀ ní red oxide, kí ọ̀dà dúdú sì tẹ̀ lé e lábẹ́. Kí wọ́n tó tan iná wẹ́dà, kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n kó plywood àti kápẹ́ẹ̀tì jáde, kí wọ́n sì mọ ibi tí táǹkì epo wà. Nígbà tí ẹ bá ń ra pákó tuntun, marine board ni kí ẹ béèrè, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í tètè tú nínú omi. Ẹ kun gbogbo etí rẹ̀ àti gbogbo ihò tí ìṣó gbà. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ sábà máa ń ní ihò kéékèèké tí wọ́n dá sí i kí omi lè jáde. Àwọn kan máa ń dí i nítorí eruku. Ẹ má dí i.

Ẹni tó fẹ́ ra dánfó, kó má wo ọ̀dà yẹ́lò tó ń dán. Kó ní kí wọ́n ká rọ́bà. Bó bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́, kó fi ẹnu sukurudiráfà gún un níbi mélòó kan, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.