Ibi tí Ó Yẹ kí Ìwé Àlàyé Ètò Kọ̀ǹpútà Olórísun-Gbangba Wà

1. Ìfáárà

Ní ọdún 2018, Iroro Orife gbé ìwádìí kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà padà sára ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ láìfi àmì sí. Àkọsílẹ̀ orísun ètò náà, yoruba-adr, wà ní gbangba lórí GitHub. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè wúlò púpọ̀ fún olùkọ́ ní Ìpè-Àkókó tí ó ní ìwé ìdánwò àtijọ́ tí kò ní àmì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà kò bá rí ìwé tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, ètò náà kò lè ṣe é láǹfààní. Níbo, nígbà náà, ni ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà?

2. Oríkì àwọn ọ̀rọ̀

Ètò olórísun-gbangba ni ètò tí àwọn tí ó kọ ọ́ fi ìwé àṣẹ yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn láti kà, láti lò, láti tún ṣe àti láti pín. Ìwé àlàyé ni èyí tí ó sọ bí a ṣe ń lo ètò náà. Àká ni ibi tí a kó àkọsílẹ̀ orísun pa mọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí bá a mu ju "ilé-ìkàwé" lọ: inú àká ni àgbẹ̀ ń kó irè sí, inú rẹ̀ náà ni ó ti ń mú irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀dà ni ipò tí ètò wà ní àkókò kan. Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005, ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ṣe àyípadà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó ṣe é.

3. Ọ̀nà mẹ́ta

(i) Ibi ọ̀tọ̀. Wiki, tí Ward Cunningham dá sílẹ̀ ní 1995, jẹ́ àpẹẹrẹ. Olùtumọ̀ tí kò mọ ètò kíkọ lè ṣe àtúnṣe níbẹ̀ wẹ́rẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ètò lè yí padà kí ìwé má yí. Olùkọ́ tí ó bá tẹ̀ lé ìwé àtijọ́ yóò rò pé òun ni òun ṣì í ṣe.

(ii) Inú àká. Linux ní àpò kan tí a pè ní Documentation nínú àká rẹ̀. Python náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá yí àṣẹ kan padà lè tún ìwé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì mú ẹ̀dà kejì yóò bá ìwé ẹ̀dà kejì níbẹ̀.

(iii) Àárín àkọsílẹ̀ orísun gan-an. Èyí dára fún akọ̀wé ètò, ṣùgbọ́n kò tó láti fi kọ́ ọ̀gbẹ̀rì.

4. Ohun tí ó kan olùtumọ̀

Ó yẹ kí ìtumọ̀ Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ nínú àká kan náà, kí a sì kọ ẹ̀dà tí a túmọ̀ sí orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé odidi àká wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa kà á nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà, ilé ìpamọ́ lè kógbá sílé: Google Code ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kìíní 2016. Ìwé tí ó wà nínú àká Git kò ní ṣègbé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó wà nínú gbogbo àdàkọ tí àwọn ènìyàn ti ṣe.

5. Àgbálọgbábọ̀

Inú àká ni ó yẹ kí ojúlówó ìwé àlàyé wà. Kí Git má bàa di ìdènà fún olùtumọ̀, kí ẹnìkan nínú àwọn tí ń bójú tó ètò máa gba àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa fi í sínú àká. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìwé tí ó bá ń bá ètò gbé ni yóò máa bá a dàgbà.