Ẹnu Ẹlẹ́ṣin, Ọwọ́ Olúǹdé

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin wà ní sixth form níbí ní Walworth. Eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, ni wọ́n ń kà, olùkọ́ wọn sì ní kí wọ́n fi tíọ́rì Kohlberg wo àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Ọmọ mi fi Ẹlẹ́ṣin sí ìpele kejì, ó fi ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sí ìkẹrin, ó wá gbé Olúǹdé ọmọ Ẹlẹ́ṣin lọ sí ìkẹfà. Inú bí mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ta ni Kohlberg tó máa fi ìwọ̀n Amẹ́ríkà wọn Ẹlẹ́ṣin Ọba fún wa? Ṣé kí n ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni?
Ìyá kan, Walworth, London

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kó pa á rẹ́, ìyá wa. Ẹ ní kó tún un kọ. Àkàbà ìpele mẹ́fà tí olùkọ́ fún un kò burú, ibi tó gbé e tì ni kò dúró dáadáa.

Lawrence Kohlberg parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní 1958. Àwọn ọmọkùnrin 72 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń pa ìtàn fún wọn, ó ń gbọ́ èrò wọn lórí ohun tó tọ́. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìtàn náà ni ti Heinz. Àrùn jẹjẹrẹ ń pa ìyàwó rẹ̀ lọ, apoògùn kan sì ní oògùn tó lè gbà á là. 200 dọ́là ló ná apoògùn láti pò ó, 2,000 ló ń tà á. Ìdajì owó yẹn ni Heinz rí kó jọ, apoògùn sì kọ̀ jálẹ̀. Ṣé kí ọkọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù kó jí i?

Bóyá ọmọ náà ní kó jí i tàbí kó má jí i, ìyẹn ò kan Kohlberg. Ìdí tó bá sọ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹni tó ní kó má jí i kí ọlọ́pàá má baà mú un wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó ń wo èrè ara rẹ̀ fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Ẹni tó ń ro ohun tí ará ilé àti ará àdúgbò máa wí wà ní ìkẹta, ẹni tó di òfin mú wà ní ìkẹrin. Lókè ni àwọn tó ń bi òfin fúnra rẹ̀ léèrè pé ta ló wà fún, àti àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà kan tó kan gbogbo ọmọ ènìyàn láìka òfin ìlú kankan sí. Àwọn tó dé ìkẹfà yìí ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí Kohlberg fi yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń fún èsì ní máàkì. Kí ọmọ yín rọra o, ibi tó gbé Olúǹdé lọ yẹn, ẹni tó kọ́ àkàbà ti gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ajẹ́lẹ̀, torí kò pẹ́. Ẹlẹ́ṣin ló yẹ kó kú tẹ̀lé ọba tó wàjà, Pilkings ajẹ́lẹ̀ sì fẹ́ dá a dúró: òfin ló wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ egúngún tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn elégúngún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ̀ lọ sí àríyá, wọ́n sì rò pé eré ni. Nígbà tó di ìran kẹrin, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti wà níkàlẹ̀, ọ̀gá Pilkings ń bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe yí padà: ìtìjú níwájú ọ̀gá ló kù tó ń sá fún. Ìpele kẹrin wá dà? Amusa tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ dúró ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni, ọlọ́pàá ìjọba ni, ó sì ti mú àwọn olórí elégúngún rí. Síbẹ̀ kò jẹ́ bá ẹni tó wọ aṣọ ikú sọ̀rọ̀ nípa ikú. Bí mo bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Amusa ni màá fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ mi.

Ẹlẹ́ṣin gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ìpele kejì tí ọmọ yín fún un, torí pé ó gba aṣọ olówó iyebíye àti ọmọbìnrin àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ìwà rẹ̀ ló fi díwọ̀n níbẹ̀. Ẹ ní kó padà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ló ti ń ṣàlàyé ìdí tí ẹni bíi tirẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ikú: ọlá ìran rẹ̀, àdéhùn òun àti ọba, ayé tó máa yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ bí òun bá kọ̀ láti lọ. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún Kohlberg, máàkì rẹ̀ máa ga. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó tọ́, ó mọ ìdí tó fi tọ́, ó tún mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé lọ, àfi bóyá Olóhùn-iyọ̀ tó ń kì í. Nígbà tí àsìkò tó, ẹsẹ̀ wúwo. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò sí ibi tí àkàbà Kohlberg fi ẹni bẹ́ẹ̀ sí, torí ẹnu ló ń wọ̀n.

Inú àtìmọ́lé tí Pilkings fi í sí nìkan ni ìdí rẹ̀ ti wá já wálẹ̀. Ó di ẹ̀bi ru òyìnbó, ó dì í ru àwọn òrìṣà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í ru ìyàwó ọ̀sìngín tó jókòó tì í. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹnì kan náà ti sọ̀rọ̀ láti òkè àkàbà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kohlberg gbà pé ènìyàn kì í sábà padà sẹ́yìn. Ṣóyínká fi ẹni tó padà sẹ́yìn hàn wá.

Òdìkejì bàbá rẹ̀ ni Olúǹdé. Ó bá ìyàwó ajẹ́lẹ̀ jiyàn lórí ọ̀gákọ̀ tó gbà láti kú kí ewu má bá àwọn yòókù, a sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti jókòó ṣàlàyé fún wa ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi máa kú dípò bàbá rẹ̀. Òkú rẹ̀ la rí. Ìyálọ́jà ló gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, ó ní ti ọlá ilé ni. Kí ni ọmọ yín wá fi mọ̀ pé ìpele kẹfà ni? Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ ṣáà mọ̀ pé nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ rí: Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá 1944, ìjọba amúnisìn dá Olókùn-ẹṣin dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945 kó má baà bá ọba lọ, Murana ọmọ rẹ̀ sì kú dípò bàbá. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà ní 1964 kí eré Ṣóyínká tó jáde ní 1975.

Ẹ̀yin náà ní ẹjọ́ tó dára lọ́wọ́ lórí ìwọ̀n Amẹ́ríkà. Carol Gilligan, tó ti bá Kohlberg ṣiṣẹ́ rí, kọ̀wé ní 1982 pé àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n náà, kò sì ka ti ẹni tó ń ro ìtọ́jú àti okùn tó so ènìyàn pọ̀ kún tó. Ní 1985, John Snarey kó ìwádìí 45 láti orílẹ̀-èdè 27 jọ: ìpele òkè máa ń fara hàn láàárín àwọn ará ìlú ńlá, a kì í sábà rí i láàárín àwọn ará abúlé. Ó ní ìwọ̀n náà kò gbọ́ ohùn àwọn tó ń ronú gẹ́gẹ́ bí àwùjọ. Ẹ wo Ìyálọ́jà. Ó yọ̀ǹda àfẹ́sọ́nà ọmọ bíbí inú rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ, ó sì kìlọ̀ fún un. Ìlú, òkú àti ọmọ tí a kò tíì bí ló kó sínú ìdí kan náà. Lọ́wọ́ Kohlberg, ó ṣeé ṣe kó gba mẹ́ta. Lójú tèmi, òun ni àgbà inú eré náà.

Kó má sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà òyìnbó àti Yorùbá. Ṣóyínká kìlọ̀ fún irú ìkàwé bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní ọwọ́ òyìnbó kàn fa nǹkan tó ti wà nílẹ̀ ni. Nígbà tí National Theatre ní South Bank, tí kò jìnnà sí Walworth, gbé eré náà ní 2009, àwọn òṣèré dúdú ló fi funfun kun ojú ṣe Pilkings àti ìyàwó rẹ̀.

Kó yan ìran àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún nìkan, kó kọ ìdí tí Ẹlẹ́ṣin sọ ní ọjà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó sọ ní àtìmọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó tó fún ẹnikẹ́ni ní ìpele. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a ka apá Ìyálọ́jà sókè nínú ilé kó tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùkọ́.