Kòkòrò Tó Ń Jobì, Inú Obì Ló Ń Gbé: Bí A Ṣe Lè Gba Igi Viburnum Sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa kọjá lára igi viburnum lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ má sì mọ orúkọ ẹ̀. Igi kúkurú ni, wọ́n máa ń gbìn ín yí ilé ká bí ọgbà. Òdòdó ẹ̀ sábà máa ń funfun, ó sì máa ń so èso wẹ́wẹ́ táwọn ẹyẹ ń jẹ. Àmọ́ kòkòrò lèmi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀, torí náà ọ̀tá igi yìí ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Pyrrhalta viburni lorúkọ ẹ̀. Kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Yúróòpù àti Éṣíà ni ilé ẹ̀, àmọ́ wọ́n rí i ní Kánádà lọ́dún 1947, ó dé ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, ó sì dé New York lọ́dún 1996. Ìdin ẹ̀ á jẹ ewé títí á fi ku iṣan nìkan, bí àwọ̀n. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta léraléra, igi náà lè kú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e yí ọdún po. Láàárín ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, ìdin á jáde nínú ẹyin, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé tuntun. Lóṣù Kẹfà, á sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilẹ̀ lọ yí ara padà. Tó bá di oṣù Keje, á jáde pẹ̀lú ìyẹ́, á tún máa jẹun lọ. Abo á wá dá ihò sára ẹ̀ka tuntun, á yé ẹyin síbẹ̀, á sì fi èèpo igi tó ti jẹ àti ìgbẹ́ ẹ̀ dí i. Ẹyọ kan lè yé tó 500 ẹyin! Òtútù á pa àwọn àgbà, àmọ́ àwọn ẹyin á sùn sínú ẹ̀ka di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí? Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ewé ti tán kó tó wá oògùn kiri ti pẹ́ jù. Ẹyin kì í sá, kì í sì í fò. Torí náà:

1. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, ẹ yẹ abẹ́ ẹ̀ka tuntun wò. Tẹ́ ẹ bá rí kókó wẹ́wẹ́ tó tò lórí ìlà kan, bí ojú ìránṣọ, ẹ gé ẹ̀ka náà, kẹ́ ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ kó o dà nù.

2. Tí ìdin bá ti jáde, ìgbà tó ṣì kéré ni kẹ́ ẹ fọ́n ọṣẹ apakòkòrò sí abẹ́ ewé. Ẹ má fọ́n apakòkòrò kankan sígi tó ń tanná, nítorí oyin.

3. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin tuntun, V. carlesii àti V. rhytidophyllum ò fi bẹ́ẹ̀ wu kòkòrò náà. V. opulus àti V. dentatum ló máa ń jẹ gan-an.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé: igi náà máa ń jà. Tí kòkòrò bá dá ihò sára ẹ̀ka, ara tuntun lè hù lójú ọgbẹ́ náà, kó sì tẹ àwọn ẹyin pa. Àwọn viburnum tó ti ń bá kòkòrò yìí gbé látayébáyé sábà máa ń ṣe é dáadáa. Èyí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bíi V. dentatum, ò mọ ìjà yẹn tó bẹ́ẹ̀, torí àlejò ni kòkòrò náà lọ́dọ̀ ẹ̀. Gígé ẹ̀ka la fi ń bá a jà.

Bó bá sì jẹ́ ewúro tàbí ilá ni kòkòrò ń jẹ nílé yín, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín kẹ́ ẹ tó ra oògùn: ibo ló ń yé ẹyin sí?