Atẹ́gùn Tó Sá Jáde Nínú Ìfun

Inú ń run bàbá kan. Ikùn rẹ̀ ti le koko bíi pákó, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ya X-ray fún un ní kó má tíì dùbúlẹ̀. Kó dúró, tàbí kó jókòó gbọnrangandan, fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ara àwọn ọmọ kì í gbà á. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú wa, ẹ jẹ́ kí Bàámi sùn." Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn gan-an ló máa tú àṣírí àìsàn náà.

Kò sí ẹni tí kò ní atẹ́gùn nínú ìfun. Wàhálà dé nígbà tí atẹ́gùn bá jáde síta ìfun. Ọgbẹ́ inú lè lu àpòlúkù já. Ibà taifọ́ọ̀dì náà lè dá ihò sí ìfun, èyí tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Atẹ́gùn fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Bí aláìsàn bá jókòó, atẹ́gùn á gòkè títí á fi kan iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àyà fún ẹni tí inú ń run.

Nínú X-ray, egungun funfun, atẹ́gùn dúdú. Apá ọ̀tún aláìsàn ni ojú dókítà kọ́kọ́ ń lọ, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà. Bí ìlà dúdú tín-ín-rín, tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, bá wà láàárín ẹ̀dọ̀ àti iṣan náà, ọ̀rọ̀ ti di ti iṣẹ́ abẹ. Apá òsì lè tan ènìyàn jẹ, torí atẹ́gùn inú àpòlúkù ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè jókòó, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń fi í sùn lé, kí atẹ́gùn lè gòkè wá sórí ẹ̀dọ̀.

Bí àwòrán kò bá fi nǹkan kan hàn ńkọ́? Kò túmọ̀ sí pé ewu ti kọjá. Ihò kékeré lè fara pamọ́ fún X-ray. Ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn ní London lọ́dún 1971, máa ń rí atẹ́gùn tó kéré gan-an. Níbi tí kò bá sì sí CT, ọwọ́ dókítà lórí ikùn tó le ṣì jẹ́ ẹ̀rí ńlá.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ìfun ọmọ ọwọ́ lè wọ inú ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń ká apá aṣọ wọ inú. Ọmọ á ké, á dákẹ́, á tún ké. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè ní ẹ̀jẹ̀. Skáànì (ultrasound) ni wọ́n ń ṣe fún un. Ohun tó máa hàn dà bí àlùbọ́sà tí wọ́n gé ní ìbú: òrùka nínú òrùka. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè fi atẹ́gùn tàbí omi láti ìdí ti ìfun padà sáyè rẹ̀, láìla ikùn ọmọ.

Nínú skáànì, omi àti ẹ̀jẹ̀ tútù ló ń dúdú, kì í ṣe atẹ́gùn. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run lójijì, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, oyún tó dúró síta ilé ọmọ lè ti bẹ́ sí i nínú. Bí dókítà bá rí dúdú yí ìfun rẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Wọn kì í ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jókòó dúró de àwòrán. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tì wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.