Iṣẹ́ abẹ ìfun kì í ṣe yíyọ ilé ọmọ

Obìnrin tí wọ́n yọ ìfun ńlá rẹ̀ nítorí egbò inú ìfun tó ń mú un yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ṣé ó ṣì lè bímọ? Ó lè bí i. Ìfun ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ilé ọmọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ṣé ẹ gbọ́?

Ibi tí wàhálà wà rèé. Bí wọ́n bá fi ìfun kékeré ṣe àpò ìgbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn, àpá inú lọ́hùn-ún lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, bí àpá iná ṣe ń lẹ ìka méjì pọ̀. Ẹyin wà, ọ̀nà ló dí. Oyún á wá pẹ́ kó tó dúró.

Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà bóyá àpò yẹn lè dúró títí ẹ ó fi bímọ tán. Ìfun tó ti bàjẹ́ kò ṣe é fi falẹ̀ o. Àpò ló lè dúró. Ìgbẹ́ á máa gba ara ikùn jáde sínú ọ̀rá ní tiwọn-tiwọn. Kò rọrùn, mo mọ̀, àmọ́ wọ́n ń lóyún bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bí i.

Ẹni tí wọ́n ti ṣe fún, tí ọdún kan kọjá láìsí oyún, kí tọkọtaya jọ lọ ṣe àyẹ̀wò.