Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Yàrá Ẹ̀yìn Ilé Ọtí

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ọtí rí. Tábìlì, àga àti ife tí a fọ̀ mọ́ ni oníbàárà ń rí. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn, níbi tí a ń kó ìgò, kẹ́ẹ̀gì àti ṣágo sí, ni ó ń pinnu bóyá ire tàbí ibi ni ohun tí ó mu yóò ṣe fún un. Ẹ̀kọ́ yìí kan ẹni tí ń ta ọtí; ó sì kan ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti mu ọtí, ṣùgbọ́n tí ń ta omi àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ohun mímu kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ìgò tó gbòde, ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn wà nínú akèǹgbè àti ìkòkò. Ní ọdún 1908, ojú irin láti Èkó gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin, ẹrù láti etíkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ọjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Èkó. Bí ìgò ti ń pọ̀ sí i lẹ́yìn káńtà, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn ń fẹ́ ọgbọ́n sí i.

Èkínní ni ooru àti ìmọ́lẹ̀. Yàrá tí a fi páànù bò tí kò sì ní àjà a máa gbóná gidigidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru a máa tètè gba adùn bíà. A sì máa mú kí afẹ́fẹ́ inú ìgò ní agbára sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgò fi lè bẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba èròjà òdòdó hops tí a fi ń pọn bíà jẹ́, bíà náà yóò sì máa rùn. Nítorí èyí ni a ṣe ń rọ púpọ̀ nínú bíà sínú ìgò tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ní ilẹ̀ England, abẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí ń tọ́jú bíà inú àgbá sí, ní ìwọ̀n bí i 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀fà kò ní láti gbẹ́ ilẹ̀. Kí ó ṣe àjà sí yàrá náà, kí ó jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ ibẹ̀, kí ó ta aṣọ sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, kí ó sì to àpótí ìgò sórí pákó, kí ó má bàa kan ilẹ̀.

Èkejì ni ẹmu. Láti ìgbà tí ẹmu bá ti ń kán sínú akèǹgbè ni ó ti ń hó. Èyí tí ó dùn ní òwúrọ̀ yóò le ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. A kò gbọdọ̀ dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pa pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń ti inú rẹ̀ jáde lè fà á ya. A kò sì gbọdọ̀ da ẹmu tuntun lé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti àná. Omi gbígbóná ni kí a fi fọ kẹ́ẹ̀gì, kí a sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò. Èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Kí a to ọjà tuntun sẹ́yìn, kí a sì máa wo ọjọ́ tí a kọ sára ìgò. Kí ìwé kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Bí ìgò 60 bá wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, tí a sì ra 36 kún un, gbogbo rẹ̀ di 96. Bí ó bá ku 61 ní alẹ́, ìgò 35 ni ó jáde. Bí owó ìgò 35 kò bá pé, a ó tètè mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù: a kò gbọdọ̀ fi ohun-èlò tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú yàrá yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Àwọn kan rò pé ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, èyí tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol mọ́ gaara bí ògógóró, òórùn wọn sì jọra. Ojú tàbí ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Nítorí náà, kí a má ṣe ra ọtí líle lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Kí a má ṣe rọ kẹrosíìnì, oògùn kòkòrò tàbí omi ìfọṣọ sínú ìgò ọtí, kí a má sì gbé wọn sí yàrá kan náà. Kí a kọ orúkọ sára ohun-èlò gbogbo. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣú lẹ́yìn tí ó mutí, kí a má ṣe sọ pé kí ó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìtọ́jú wà fún ẹni tí ó bá tètè dé.

Oníbàárà kì í wọ yàrá ẹ̀yìn. Ohun tí a bá gbé fún un ni ó ń mu, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó gbé e wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pa pátápátá?
2. Ìgò 48 wà ní òwúrọ̀, a ra 24 kún un, ó ku 50 ní alẹ́. Ìgò mélòó ni ó jáde?
3. Kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ṣágo tí kò ní orúkọ lára?